Àwọn Ọmọ Tó Ń Fi Ọkàn Bára Wọn Sọ̀rọ̀

Ọkọ mi ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ráàyè ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tó ń ṣe fíìmù àwòrán láyé yìí ló máa ń gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Ohùn yẹn ni ayàwòrán máa ń gbọ́ tí á fi mọ ìgbà tí ẹnu ẹni tó ń yà á là, àti ìgbà tí á pàdé. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wà nínú fíìmù tiwa, ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ní agbára kan nínú ọkàn wọn. Wọ́n lè gbé síbí kúrò lórí tábìlì láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n lè gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ara wọn láti òpin àdúgbò kan dé òpin èkejì. Bí wọ́n bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í lanu. Ọkọ mi wá rò ó títí, ó ní ẹnu tí kò là kò ní ohùn kankan tí yóò bá mu, pé ká máa yàwòrán wa lọ, ká máa gba ohùn díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá wù wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu létí gbogbo wa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé iṣẹ́ àwòrán kì í yá. Fíìmù tí èèyàn lè wò tán kí ìkòkò omi tó hó lórí iná, ó ti lé ní ọdún kan àbọ̀ tí a ti ń yà á. Ọmọkùnrin inú fíìmù kò sì gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan dàgbà ní gbogbo àkókò yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ló ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún un, èmi sì ń bọ́ ọmọ tèmi.

Ìgbín la máa ń pe ọmọ yìí nínú ilé, nítorí pé bó bá wọ balùwẹ̀, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ tẹ̀ lé e á dúró títí á fi gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún ọmọbìnrin inú fíìmù. Adájọ́ lorúkọ tí bàbá wọn fún òun, torí kò sí ìjà tí wọ́n á jà nínú ilé yìí tí kò ní dá ẹjọ́ rẹ̀, títí kan èyí tí wọn kò gbé lọ síwájú rẹ̀. Òun náà ló máa ń ya fọ́tò àwọn àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ kámẹ́rà. Bí mo bá pe iṣẹ́ wa ní kàtúùnù, á ní, "Mọ́mì, ánímè ni. Ẹ jọ̀ọ́." Mo mọ̀ pé ánímè ni, fíìmù àwòrán irú ti àwọn ará Japan. Mo kàn fẹ́ràn láti máa rí i bó ṣe ń fajú ro ni.

Yàrá ẹ̀yìn ilé la ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì ọkọ mi wà létí fèrèsé, gíláàsì ni ojú rẹ̀, iná sì wà lábẹ́ gíláàsì náà, kí ó lè máa rí àwòrán tó wà nísàlẹ̀ nígbà tó bá ń ya èyí tó kàn lé e lórí. Wọ́dúróòbù ńlá kan wà ní igun yàrá. A ti kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, àfi àwọn kóòtù àtijọ́ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ariwo ìta wọlé. Inú ibẹ̀ ni máìkì wà, inú ibẹ̀ làwọn ọmọ máa ń wọ̀ lọ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ni gbogbo ìró tó kù. Ìró ẹsẹ̀, ìró ìlẹ̀kùn, ìró òjò lórí páànù, èmi ni. Síbí tó ń fò ló fẹ́ pa mí, nítorí ohun tí ọkàn bá gbé kì í dún. Mo dán oríṣiríṣi wò kí n tó fi ìka tó tutù yí ẹnu ife onígíláàsì kan po, ó sì dún bí mo ṣe fẹ́. Ìgbín ní ó jọ pé síbí náà ń ronú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yẹn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nínú ilé o. Ní ilé ìwé, tíṣà rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò tíì rí i kó nawọ́ sókè rí. Bí àlejò bá wọlé, á kí wọn tán, á wá ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wọ inú wọ́dúróòbù yẹn tó di ọmọ inú fíìmù, ohùn rẹ̀ á mọ́ gaara, á máa rẹ́rìn-ín, á máa pàṣẹ fún àga pé kó dìde, àga á sì dìde. Bó bá jáde, òógùn á ti bò ó, ojú rẹ̀ á máa dán. Á wá béèrè lọ́wọ́ mi, "Mọ́mì, ṣé ó dáa?" Nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn láti fi ara rẹ̀ hàn nínú rẹ̀ nìyẹn, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Lọ́jọ́ kan la ń jẹun, Ìgbín ní kí wọ́n nawọ́ iyọ̀ sí òun. Ohùn géńdé kan ló jáde. Adájọ́ tu omi ẹnu rẹ̀ sórí tábìlì. Ìgbín náà wẹ̀yìn, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. A rẹ́rìn-ín, a kí i kú oríire, bàbá rẹ̀ ní ọkùnrin ti pé méjì nínú ilé wàyí, ẹni tó bá fẹ́ bá wa jà kó máa bọ̀. Àárín ẹ̀rín yẹn ni ọkọ mi ti yíjú sí mi lójijì. Ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta fíìmù náà tí a kò tíì gba ohùn rẹ̀.

A wọ yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ kejì. Ìgbín wọ wọ́dúróòbù, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nípọn, ìkejì tín-ín-rín, ìkẹta já sí méjì.

"Gbé e sókè díẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó gbé e sókè, ó tún já. Ó tún gbé e títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ síta. Mo ń wò ó láti àlàfo ìlẹ̀kùn.

"Ó tó, ọmọ mi," ni ọkọ mi wí jẹ́jẹ́. "Lọ mu omi."

Ọkọ mi gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà sọ ohùn náà di kékeré. Ohùn tó jáde jọ ti ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Ìgbín jókòó sórí àpótí, ó gbọ́ ọ tán.

Wọ́n á fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, níbi ìpàtẹ fíìmù ìdílé, a sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí wọn kí oṣù tó parí. Ní alẹ́ yẹn ọkọ mi sọ fún mi pé ọmọkùnrin tí télọ̀ iwájú ilé wa bí ní ohùn tó dáa, pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, pé ohùn rẹ̀ jọ ti Ìgbín àtijọ́ bí ìbejì.

Inú bí mi. Ó máa ń tètè bí mi, wọ́n sì mọ̀. Mo ní, "Bàbá Adájọ́, ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ìyá Adájọ́, gbọ́ mi ná. Ọmọ kan náà ló wà nínú fíìmù yìí. Ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan kó parí pẹ̀lú òmíràn? Àwọn èèyàn á rò pé a sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló tún wá dá kún ìbínú mi. Mo bi í léèrè pé ta ni yóò sọ fún ọmọ náà. Ó ní òun ni, ó sì sọ fún un. Kì í ṣe òǹrorò èèyàn, ó fi ọwọ́ gbá a mọ́ra kó tó sọ ọ́. Ìgbín ní, "Ó dáa, Dádì." Lẹ́yìn ìyẹn ó pa ẹnu dé, a kò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé ó ń bínú o. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀, bí a bá rán an níṣẹ́, á jẹ́ ẹ. Orí ló ń mì sí wa. Níbi oúnjẹ, á na ọwọ́ sí ohun tó bá fẹ́. Adájọ́ fẹ́ fi ṣàwàdà, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ń fi ọkàn pe iyọ̀." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ojú sílẹ̀.

Mo lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ṣé inú ń bí ẹ ni?"

Ó mirí.

"Ṣé ọ̀fun ń dùn ẹ́?"

Ó mirí.

"Ṣé o fẹ́ kí n bá bàbá ẹ jà? Mo ti jà tẹ́lẹ̀, mo ṣì lè jà sí i."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Mo jókòó tì í títí tí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí débi pé wíwo ẹ̀yìn orí rẹ̀ lásán ń dùn mí lọ́kàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń kó aṣọ tó ti gbẹ kọjá lẹ́bàá balùwẹ̀, mo gbọ́ tí omi ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo fẹ́ kígbe pé ta ló ń fi omi ṣòfò. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ omi náà. Ọ̀rọ̀ inú fíìmù ni ó ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbí." Ó ń wá ohùn ọmọdé yẹn kiri, ó ń gbà á láti òkè, ó ń gbà á láti ìsàlẹ̀, kò rí i. Mo gbé aṣọ mi, mo rọra padà gba ibi tí mo ti wá. Omijé bọ́ sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Ọkọ mi náà kò rí oorun sùn dáadáa. Nǹkan mìíràn ti ń ṣe é tí kò sọ fún mi, Adájọ́ ló tú u fó. Bébà kan wà lára ògiri tó fi ṣe òṣùwọ̀n àwọn ọmọ inú fíìmù, ibi tí orí ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ dé àti ibi tí orí ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ dé, kí wọ́n má bàa gùn lónìí kí wọ́n kúrú lọ́la. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkọ mi ti ń fi Ìgbín ṣe àwòkọ́ṣe. Bó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń sáré, á ní kí Ìgbín sáré. Adájọ́ wá rí i nínú kámẹ́rà pé orí ọmọkùnrin náà ti ń kọjá ìlà.

"Dádì, ọmọ yìí ń ga," ló wí.

"Mo mọ̀," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Ó ti mọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Á ya ẹsẹ̀ ọmọ náà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́, á rí i pé ó gùn jù, á fi rọ́bà pa á rẹ́, á tún un yà kúkurú. Èmi ni mò ń gbá ẹ̀rún rọ́bà yẹn nílẹ̀ láràárọ̀ tí mò ń bú u pé kò mọ́tótó.

Ọjọ́ tí ọmọ télọ̀ wá, ó wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi, ìyá rẹ̀ ti fi òróró pa á lórí. Ọmọ tó já fáfá ni, ó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí, ó sì bi mí bóyá wọ́n á kọ orúkọ òun gàdàgbà sí ìparí fíìmù. Mo fẹ́ bínú sí i, àyà mi kò gbà. Mo fún un ní tìmùtìmù kó lè ga dé ẹnu máìkì. Òun àti Adájọ́ jọ wọ wọ́dúróòbù. Ìgbín wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ àwo.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú fíìmù ni a fẹ́ gbà. Àbúrò ti sọnù láàárín èrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sórí afárá, ó ń fi ọkàn pè é, kò gbọ́ èsì, ẹ̀rù ń bà á. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpè, ohùn àbúrò rẹ̀ á wá dé.

"Àbúrò mi, níbo lo wà?" ni Adájọ́ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbí," ni ọmọ télọ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

Adájọ́ mirí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

A tún un ṣe. Ó tún mirí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Dádì, mi ò gbọ́ ọ."

"Ta lo ò gbọ́? Ṣebí ẹ jọ há mọ́ inú kóòtù kan náà ni."

"Mi ò gbọ́ àbúrò mi."

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Adájọ́, jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni. Lọ síwájú."

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Àbúrò mi, níbo lo wà?" Kí ọmọ télọ̀ tó lanu, ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìpè kẹta kò sí nínú ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ fíìmù sí rárá. Ó kígbe, "Ìgbín! Ìgbín o!"

Àwo kan fọ́ ní ilé ìdáná.

"Àǹtí! Kí ló ṣe yín? Mo ń bọ̀!"

Ohùn náà nípọn, ó já láàárín, ẹ̀rù kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Ìgbín já wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ méjèèjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá, ó ṣí wọ́dúróòbù, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látòkè délẹ̀ bóyá ó fara pa. Adájọ́ ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ariwo ilé ìdáná ti wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ n pa á rẹ́."

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá Adájọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ gbọ́ ọ ná."

A gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan ń fi gbogbo ara pe àbúrò rẹ̀, ẹnì kan sì dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tí kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí kò sì tíì di àgbà. A tún un gbọ́. Ọkọ mi yíjú sí àwòrán tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wo Ìgbín, tí ọṣẹ ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gé ọmọ yìí lẹ́sẹ̀," ló wí. "Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ó ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kó dàgbà nínú fíìmù náà."

"Èmi ńkọ́?" ni ọmọ télọ̀ béèrè láti inú kóòtù.

Ìbéèrè gidi ni. Mo bi í ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì súfèé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di wá létí. Kẹ́tùlù kan wà nínú fíìmù náà tí àwọn ọmọ fi ọkàn gbé kúrò lórí iná, mi ò sì tíì rí ìró tó bá a mu. Òun ni kẹ́tùlù wa. Ọkọ mi ṣèlérí pé wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà.

Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ẹ̀rún rọ́bà nílẹ̀. Ọkọ mi ń yà, kò parẹ́ mọ́. Bí ọmọkùnrin náà ṣe ń la èrò kọjá, ṣòkòtò rẹ̀ ń kúrú, ọwọ́ rẹ̀ ń gùn ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ọmọbìnrin dúró lórí afárá, kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí ohùn ọmọdé ló ń dẹtí sí. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sọ síra wọn. Ọkọ mi kò kọ ọ́. Ó ní kí àwọn méjèèjì wọlé lọ, kí wọ́n sọ ọ́ bó bá ṣe wá sí wọn lẹ́nu.

Ìgbín dúró lẹ́nu wọ́dúróòbù. Ó ti gbà láti máa bá wa sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni.

"Dádì, ó máa já o."

"Jẹ́ kó já."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè wọlé. Èmi àti ọkọ mi fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí. Adájọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, níbo lo wà?"

"Mo wà níbí."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni. Mo mọ ohùn àbúrò mi."

Mo rò pé Ìgbín máa jáde, mo ti ń dìde láti lọ pàdé rẹ̀. Ọkọ mi di aṣọ mi mú.

"Èmi náà ò tíì mọ ohùn yìí, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìgbín wí, ohùn rẹ̀ sì já sí méjì níbẹ̀, kò sì dúró, ó ń bá a lọ. "Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àmọ́ èmi ni. Ẹ má ṣíwọ́ pípè mí."

Adájọ́ ló yẹ kó fèsì. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ ni kóòtù tó ń ṣí, hángà tó ń kọlu ara wọn, aṣọ ẹni méjì tó dì mọ́ra wọn, àti ẹnì kan tó ń fa imú. Ọkọ mi wò mí, nítorí èmi ni mo ni ìró. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.